Ọwọ́ Tó Mọ Ààrò

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn búrẹ́dì, ohùn ìyálé ìyá mi ni mo máa ń gbọ́: "Ọwọ́ èmi yìí ni mo fi mọ ààrò yẹn!"

Irọ́ ni. Kí òmìnira tó dé, ìyá mi ló po amọ̀ ọ̀gán, tó mọ ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì àti ẹran nílé wa ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n ìyálé a máa ki apá bọ ẹnu ààrò láti mọ bó ṣe gbóná tó, a ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí àwọn oníbàárà lè rí ọ̀gá. Bí ìyá mi bá lanu, ìyálé a ní, "Ará Ìwàrà, lọ ṣẹ́gi wá."

Lọ́jọ́ kan, ẹnu ààrò là.

"Ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí n fi amọ̀ rẹ́ ẹ."

Ó kọ̀, ó fi sìmẹ́ńtì dí i. Nígbà tí iná mú, ààrò fọ́ yángá.

"Baálé mi, àjẹ́ ni obìnrin yìí! Ó ti ba ààrò mi jẹ́!"

Bàbá mi ní kí ìyá mi di ẹrù wọn.

Mo gbé àfọ́kù ààrò kan tọ Bàbá lọ. Ojú ìka wà lára rẹ̀, àlàfo sì wà láàárín, níbi tí ìka tí àdá gé lọ́wọ́ ìyá mi lóko kòkó ì bá wà.

"Bàbá, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n."

Wọ́n wò ó. Ìyálé náà wò ó, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ tí ìka pé sábẹ́ ìró.

"Lọ jù ú nù," ni Bàbá wí.

Ìyá mi lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. N kò ju àfọ́kù náà nù.