Ìbọn Tí Bọ̀ọ̀dá Rahmon Fẹ́ Yìn fún Bàbá

Bàbá wa kú ní Ìṣẹ́yìn. Ọjọ́ tí wọ́n kú náà ni wọ́n sin wọ́n, bí a ṣe ń sin Mùsùlùmí. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Houston, èmi náà wà ní Houston. Nínú àwa ọmọkùnrin méjèèjì tí wọ́n bí, kò sí ẹni tó da erùpẹ̀ sí sàréè wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Rahmon lorúkọ wọn. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Pasadena lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ń pè wọ́n ní Ray. Ìwé ni wọ́n wá kà. Ìwé náà kò ṣeé ṣe, wọ́n bọ́ sídìí iṣẹ́ páìpù ní plant epo. Òórùn plant yẹn kì í kúrò lára aṣọ wọn, bó ti wù kí ìyàwó wa Sìkírátù fọ̀ ọ́ tó. Àwọn ló ránṣẹ́ pè mí wá, èmi tí mi ò kàwé kọjá prámárì. Mo ń sùn lórí àga ìjókòó wọn ní àdúgbò Fondren. Àwọn ló kọ́ mi ní mọ́tò. Bí àyà mi bá ń já lórí freeway, wọ́n á gbé ọwọ́ wọn lé ọwọ́ mi lórí steering, wọ́n á ní, "Máa lọ. Mo wà níbí."

Ìbọn ológun àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn. Ní Texas, o lè ra irú rẹ̀ bí ẹni ra bàtà. Gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń tà á, tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, àwọn òyìnbó arúgbó á jókòó tì í. Bọ̀ọ̀dá á máa rìn láàárín wọn, wọ́n á gbé èyí, wọ́n á gbọ́ òórùn igi rẹ̀, wọ́n á gbé e padà. Máàkì Fọ̀ ni wọ́n ń wá, ìbọn àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni Bàbá gbé lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Gbogbo ọmọ inú ilé wa ló mọ orúkọ ìbọn yẹn kó tó mọ ábídí.

Ní 1987 ni Bàbá kú. Màmá bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní tí ẹnìkan bá kú nínú ẹgbẹ́ àwọn ológun àtijọ́, wọ́n máa ń yìnbọn fún un. Lọ́jọ́ ti Bàbá, àwọn ọlọ́pàá kò gbà. Màmá ní, "Wọ́n sin bàbá yín bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan láyé."

Bọ̀ọ̀dá gbé fóònù sílẹ̀. Wọn kò sunkún. Wọ́n ní, "Èmi ni màá yìn ín. Ọwọ́ àkọ́bí ni kó ti dún."

Lópin ọ̀sẹ̀, Máàkì Fọ̀ méjì ni wọ́n rà, ọ̀kan tiwọn, ọ̀kan tèmi. Igi ti àkọ́kọ́ ń dán, ó pupa bí epo, ṣùgbọ́n bolt rẹ̀ ti dípẹtà. Bolt ni irin ẹ̀yìn tí a ń fà kí ọta tó wọlé, òun náà ló ń sé ìdí ọta nígbà tó bá bú. Igi ti èkejì rí pálapàla, àmọ́ bolt rẹ̀ ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Arúgbó tó tà á fi nọ́mbà ara bolt hàn wá, ó fi èyí tó wà lára ìbọn hàn wá. Ó ní bákan náà ni, kí a má pààrọ̀ wọn. Ó ní tí a bá pààrọ̀ wọn, ìbọn lè la lẹ́yìn, kó bú sí èèyàn lójú.

Bọ̀ọ̀dá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí a dénú pickup, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Gírísì tó wà lára àwọn ìbọn náà ki bí òrí. Bọ̀ọ̀dá tú u, wọ́n kó bolt méjèèjì sínú omi gbígbóná lórí stove. Sìkírátù wọlé.

"Daddy Fàúsátù! Ìkòkò ọbẹ̀ mi kọ́ nìyẹn?"

"Màá fọ̀ ọ́."

"Kí lẹ máa fọ̀? Gírísì ayé ogun lẹ ń sè nínú ìkòkò ẹ̀gúsí. Ọkọ mi kékeré, ẹ̀yin náà ń wò wọ́n?"

Mo ní, "Ta ni mo jẹ́?"

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́ lọ́la. Ẹ̀gúsí oníbọn."

Nígbà tí omi gbẹ, mo rí i pé Bọ̀ọ̀dá ki bolt tó ń yọ̀ bọ inú ìbọn tó ń dán. Mo wo nọ́mbà.

"Bọ̀ọ̀dá, nọ́mbà wọn kò bára mu."

"Mo mọ̀."

"Òyìnbó yẹn ní..."

"Òyìnbó yẹn ń wá ọjà. Ìbọn kan náà ni. Tí mo bá wọ ṣòkòtò rẹ, ṣé ó máa bú mọ́ mi nídìí ni?"

Sìkírátù dáhùn láti yàrá, "Pẹ̀lú ikùn yín yẹn? Á bú o!"

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá nu igi náà jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Èyí tó dára jù ni mo fẹ́ fún Bàbá. Igi tó dára, irin tó dára. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Nílé wa, tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ báyẹn, àbúrò kì í tún un sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Bọ̀ọ̀dá á máa fá irùngbọ̀n, èmi á máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn nínú dígí. Ibẹ̀ ni igi ìbọn máa kàn.

Ọ̀rẹ́ wọn kan, Bọ̀ọ̀dá Cornelius, ló mọ ẹni tó ní pápá màlúù lẹ́yìn Sugar Land. Cornelius ṣe sójà nígbà ogun abẹ́lé nílé. Ó ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa.

"Rahmon ọmọ sójà! Ṣé ìbọn lo gbé wá àbí igi ìdáná?"

Ó gba ìbọn náà, ó fa bolt. Ó wo nọ́mbà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ló ki èyí bọ èyí?"

"Èmi ni."

"Ó lè má ṣe nǹkan kan. Ó sì lè la lójú rẹ. Mi ò lè mọ̀. Táyà wà lẹ́yìn mọ́tò mi. Jẹ́ ká de ìbọn mọ́ ọn, ká fi okùn fà á láti ọ̀ọ́kán. Tó bá dáa, kí o wá yìn ín."

"Okùn? Ṣé ewúrẹ́ ni mo wá so ni? Èjìká ni bàbá mi fi yìn ín ní Bọ́mà."

"Bàbá rẹ kò pààrọ̀ bolt."

"Cornelius, fi bàbá mi sílẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá ki ọta sínú rẹ̀. Wọ́n ní "Bísímílà." Wọ́n gbé e sí èjìká, wọ́n tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ igi. Mo ń ronú pé èmi ni màá pe Màmá. Èmi ni màá kan ilẹ̀kùn Sìkírátù. Mi ò tíì sunkún Bàbá tán.

Mo di ẹnu ìbọn mú, mo tì í sílẹ̀.

"Ẹ fún mi. Èmi ni kí n kọ́kọ́ yìn ín."

"Moshood, ṣé orí rẹ pé?"

"Àbúrò yín ni mí. Tí a bá fẹ́ sọdá odò, èmi lẹ máa ń ní kó kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá fún yín lágbo, èmi ló ń tọ́ ọ wò. Tí kò bá léwu, ẹ gbé e fún mi."

Wọ́n wò mí. Inú bí wọn. Wọ́n na ìbọn náà sí mi, mo dì í mú. Mo fà á, kò wá. Ọwọ́ wọn kò tú. Àwa méjèèjì dì í mú.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Okùn yẹn dà?"

A gbé táyà sílẹ̀, a de ìbọn mọ́ ọn, a sá sẹ́yìn mọ́tò. Àwọn ló fa okùn. Èmi náà dì í mú lẹ́yìn wọn. Ó dún, àwọn màlúù túká. Èéfín jáde látẹnu ìbọn, ó sì jáde lẹ́yìn.

Ìdí ọta ti já. Igi tó pupa bí epo yẹn ti là gbọọrọ, ẹ̀rún rẹ̀ kan sì wọ inú táyà, níbi tí ojú èèyàn ì bá wà. Bọ̀ọ̀dá fi ìka kàn án. Wọ́n jókòó sórí koríko.

Wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn kà, Cornelius?"

"Ó dún. Ọwọ́ rẹ ló sì fà á."

Cornelius ṣí fìlà rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Fátíà fún Bàbá. Wọn kò dé ìdajì tí ẹkún fi gbé wọn. Mo gbà á lẹ́nu wọn, mo kà á parí.