Ọjọ́ tí Orin Chirutha Sọnù Lójú Kọ̀ǹpútà

Mo fi eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu mi búra: òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sínú omi ìrẹsì tí mò ń mu láàárọ̀, kí n sì gbé wọn mì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní mo máa ń fi iyọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ Vilasini kò fẹ́ iyọ̀. Omijé tó wà nínú rẹ̀ ti tó o.

Vilasini ọmọ Chirutha ni mò ń wí, obìnrin kúkurú tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, tí odò kékeré kan là wá láàárín. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ìka mẹ́wàá ló fi jẹun láyé. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó kọ́kọ́ jókòó sídìí táípúràítà níwájú ilé ẹjọ́ ní ìlú Irinjalakuda, tó ń tẹ ìwé fún àwọn tó ń jà nítorí ààlà ilẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ kọ ọkọ wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀gá rẹ̀ ra mẹ́ta sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Vilasini, táípúràítà ti kú. Máa bọ̀ níbí." Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò nídìí kọ̀ǹpútà yẹn. Ojú rẹ̀ kì í wo bọ́tìnnì. Ó lè máa tẹ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lọ́wọ́, kó máa bá ẹ jiyàn lórí ẹja tó ti ń rùn, kí lẹ́tà kan ṣoṣo má ṣì. Nígbà tí ọ̀gá kú tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà fún un, pé òun ni ẹ ṣeun.

Ìyá rẹ̀, Chirutha, ni aṣáájú orin nínú oko ìrẹsì láyé ìgbà tiwa. Bí àwọn obìnrin bá tò sínú ẹrẹ̀ láti tún èéhù ìrẹsì gbìn, òun ní í dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Bó bá lanu, gbogbo lékeléke inú oko á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọn ò ní sọ ọ́ kalẹ̀ títí orin á fi tán. Nígbà tó darúgbó, Vilasini jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sán fún ọdún méje. Ìyá ń kọrin, ọmọ ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Igba orin ó lé méjìlá. Lẹ́yìn náà ni àgbàrá ńlá wọ abúlé wa, ó gbé ìwé náà lọ pẹ̀lú adìyẹ mẹ́fà àti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Kọ̀ǹpútà nìkan ló yè, torí Vilasini ti gbé e sórí àjà. Ọdún kejì, Chirutha kú. Àwọn tó máa ń gbè é ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Èmi mọ ègbè mẹ́ta péré, mo sì máa ń ṣi ọ̀kan kọ. Ìyẹn ni pé inú àpótí irin yẹn nìkan ni Chirutha kù sí lórí ilẹ̀ ayé.

Bí àpótí náà ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, ọkàn Vilasini ò balẹ̀ mọ́. Ayédèrú ni ètò tó ń darí rẹ̀, bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ṣe ń lò ó nígbà yẹn. Ojú rẹ̀ á ṣàdédé dúdú, ó sì máa ń kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹrù ayédèrú lo gbé sílé. Paulose onítíì wá fi fláàṣì tó kó fíìmù sí bọ̀ ọ́ nídìí, ló bá kó kòkòrò wọ inú rẹ̀. Fáìlì tó wà lánàá, lónìí á di orúkọ lásán. Gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, kí Vilasini tó fọ ẹnu, á tan kọ̀ǹpútà, á ka orin náà ní méní-méjì títí dé igba ó lé méjìlá, bí ẹni tó ń ka ọmọ lẹ́yìn ìjì.

Tíṣà Ramlath ló mú ìrètí wá. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ìjọba, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Línọ́ọ̀sì sì ni gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń lò. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn gbé e wá sí ilé-ìkàwé abúlé, òun á fọ inú rẹ̀, òun á fi ètò tuntun sí i. Kò sí olówó kan tó ni ín. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣí ikùn rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò.

"Ohun tí kò sẹ́ni tó ni ín!" Paulose ló dáhùn, ó gbé àwo tíì lọ́wọ́. "Bó bá wá bàjẹ́ ńkọ́, ta lẹ máa dì mú lọ́rùn?"

"Ta lo dì mú nígbà tí kòkòrò inú fláàṣì rẹ jẹ fọ́tò?" ni mo bi í. Ó wo inú àwo tíì.

Oṣù Karkidakam, oṣù òjò, la wà, òjò ń rọ̀ bíi pé wọ́n ya ojú ọ̀run. Vilasini fi ọ̀rá mẹ́ta wé kọ̀ǹpútà, ó gbé e dé ilé-ìkàwé. Ètè rẹ̀ ti funfun.

"Tíṣà, ṣé lóòótọ́ lẹ máa pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, a ó kọ́kọ́ da orin kọ sórí fláàṣì. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó fọ̀ ọ́."

"Fláàṣì mélòó?"

"Ọ̀kan ti tó."

"Ẹ jẹ́ ó di mẹ́ta."

Wọ́n dà á sórí mẹ́ta. Vilasini fún Tíṣà ní ọ̀kan, ó so ọ̀kan mọ́ etí aṣọ, ó sì sáré gbé ẹ̀kẹta lọ sílé, ó rì í mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì. Nígbà tó padà dé, Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Nǹkan kan ò ní sọnù."

Gbogbo wa gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ẹ mọ̀, lọ́dọ̀ wa, ọmọńlé tó bá ké lára ògiri lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ènìyàn, òun ni ẹlẹ́rìí pé òtítọ́ lonítọ̀hún sọ. Ọmọńlé kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sanra, ó ń wò wá. A retí rẹ̀. Kò ké. Vilasini di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja.

Ojú kọ̀ǹpútà bèèrè bóyá ká pa gbogbo nǹkan rẹ́. Tíṣà fi ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́."

Ìka tí kò ṣì lẹ́tà rí dúró lókè bọ́tìnnì. "Bàbá Velandi, kí lẹ rí sí i?"

"Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà mí," mo ní. "Ṣùgbọ́n àpótí yìí á kú bó o tẹ̀ ẹ́, bó ò tẹ̀ ẹ́."

Ó di ojú, ó tẹ̀ ẹ́.

Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà lójú kọ̀ǹpútà bí ìgbín tó ń gun ògiri. Ó dé ìdajì, ó kọjá ìdajì, ni ààrá bá sán, tí iná sì lọ. Ibi gbogbo ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Àpótí bátìrì abẹ́ tábìlì, tó gbé kọ̀ǹpútà dúró, ń ké bí òròmọdìyẹ tí ìyá rẹ̀ sọnù.

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lè fi gbé e," ni Tíṣà wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Paulose pàápàá, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bó ti ń sùn, gbé àwo tíì sílẹ̀. Bátìrì ké, ó ké, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ìgbà tí iná fi padà, mo ti bẹ gbogbo òrìṣà tí mo mọ̀ àti méjì tí mi ò mọ̀. Ìlà náà pé. Kọ̀ǹpútà kú, ó sì tún jí, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. A pàtẹ́wọ́. Paulose pín ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín.

Vilasini ò jẹ. "Ẹ ṣí orin kìíní fún mi."

Tíṣà ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ó ṣí i. Lẹ́tà èdè wa kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Lẹ́tà òyìnbó tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni, pẹ̀lú àmì dọ́là, àmì ìbéèrè àti nọ́ńbà, bíi pé adìyẹ ló rìn lórí bọ́tìnnì. Wọ́n ṣí orin kejì, wọ́n ṣí ogójì: bákan náà. Vilasini tú etí aṣọ, ó mú fláàṣì kejì jáde. Bákan náà. Ó sáré wọ inú òjò, a rí i tó kọjá afárá, a rí i tó ń bọ̀, ìrẹsì lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá. Fláàṣì inú ìkòkò ìrẹsì, bákan náà ni.

Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ... mo dà wọ́n kọ dáadáa. Ẹ dárí jì mí."

"Ṣé mo ò wí bẹ́ẹ̀..." Paulose bẹ̀rẹ̀. Mo wò ó. Ó gbé ìyókù mì.

Vilasini jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ohùn rẹ̀ jáde wẹ́lẹ́, ó ní, "Mo ti pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì." Ló bá ń sunkún, láìpariwo, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àwọn àmì burúkú náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ti ń ṣe láti ogójì ọdún, ó bọ́ sórí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rí i tí ìka òsì rẹ̀ kékeré mira. Ó wo àmì kan lójú kọ̀ǹpútà, ìka rẹ̀ wá bọ́tìnnì àmì náà rí, ó kàn án, ètè rẹ̀ sì pe lẹ́tà kan. Ó wo èkejì, ìka mìíràn lọ, ètè tún mì. Ẹkún dúró. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú, mo fẹ́ dì í mú. Ni ohùn bá jáde:

"Òjò Karkidakam, rọra o,
ẹsẹ̀ mi wà nínú ẹrẹ̀,
ọmọ mi wà lórí ẹní..."

Ọlọ́run ń gbọ́, ohùn Chirutha ni. Mo gbè é kí n tó mọ̀.

"Ẹ ti ṣì í, Bàbá," ó ní, kò tilẹ̀ yíjú. "'Ẹní ò gbẹ' ni, kì í ṣe 'ẹní ò fẹ̀'."

Tíṣà fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀ ń kà á?"

"Ìka mi ló ń kà á. Bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ nígbà yẹn ló wà lójú ẹ̀ yìí."

Bó ṣe yé wa nìyẹn. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ò kó èdè wa sínú kọ̀ǹpútà rí. Lẹ́tà òyìnbó ló wà nínú rẹ̀, aṣọ èdè wa, ìyẹn àwòrán lẹ́tà wa, ló dá wọ̀ wọ́n, aṣọ náà sì wà nínú ètò àtijọ́ tí a fọ̀ dànù. Ara orin pé. Ìhòhò ló wà. Tíṣà ní àwọn ènìyàn wa kan ti kọ ètò ọ̀fẹ́ tó ń sọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ di lẹ́tà gidi. Ó wá aṣọ ṣọ́ọ̀bù yẹn nínú rẹ̀ títí. Kò sí. Vilasini mi orí: ahun ni ọ̀gá, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ da ipò lẹ́tà rú kí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ má lè ṣí iṣẹ́ rẹ̀. Ìka mẹ́wàá péré ló mọ àṣírí náà láyé.

Wọ́n jókòó tì í. "Àmì dọ́là?" ni Tíṣà bèèrè. Vilasini á di ojú, á tẹ̀ ẹ́, á pe lẹ́tà rẹ̀, Tíṣà á kọ ọ́. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún àmì. Níbi tó kù díẹ̀, ó há. Àmì kan wà tí ìka rẹ̀ ò dá lóhùn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ojú rẹ̀ ràn kankan bí ti ẹni tó ń rì sómi. Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Bá Paulose jà lórí ẹja."

"Ẹja wo?" ni Paulose wí.

"Ẹja tí ìyàwó rẹ tà fún mi lọ́jọ́ Ẹtì, tó ti kú láti oṣù tó kọjá!" Vilasini yí sí i tìbínú-tìbínú, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lọ bí i ti àtijọ́, ìka náà sì bọ́ sórí bọ́tìnnì náà gẹ́lẹ́, lẹ́tà rẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láàárín èébú.

Tíṣà kó gbogbo rẹ̀ sínú ètò náà. Ó ní kí Vilasini tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi aṣọ bojú, kò fẹ́ wò. Èmi ni mo wò. Lẹ́tà èdè wa, róbótó-róbótó bí wọ́n ṣe rí, ń tú jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé orin igba ó lé méjìlá. Ọmọńlé ara ògiri wá ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Tíṣà fi àkọsílẹ̀ àwọn lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ ètò náà, wọ́n sì fi í síbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Vilasini, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, obìnrin kan kọ̀wé láti ìlú Palakkad pé àwọn lẹ́tà bàbá òun, tí wọ́n tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, ti padà di ohun kíkà. Vilasini kà á fún wa nílé-ìkàwé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Síbẹ̀ ẹ̀rù ò tíì kúrò lára rẹ̀ tán. Fláàṣì kan ṣì wà nínú ìkòkò ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni láràárọ̀ ó ṣì ń ka orin ní méní-méjì kó tó fọ ẹnu.

Eyín mẹ́rin mi ṣì pé. Ṣùgbọ́n kí n má bàa fi wọ́n ṣeré: ọmọńlé yẹn ò ké nígbẹ̀yìn. Òjò pọ̀ jù lórí páànù. Bó bá tiẹ̀ ké, ta ni ì bá gbọ́?