Ọdún Tí Mo Fi Jíìpù Yangàn ní Peckham

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ wa jíìpù mi wá síwájú ilé wa ní Peckham nílùú òyìnbó. Jíìpù dúdú ni, ó ga, ó sì gùn débi pé àyè ọkọ̀ kan kò gbà á. Ìdí rẹ̀ máa ń yọ sójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe nígbà náà, láti ojúlé dé ojúlé, láàrin Camberwell àti Catford. Àpò kékeré kan tí mo kó ìbọ̀wọ́ àti aṣọ iṣẹ́ sí ni gbogbo ẹrù mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì kéré, mo sì fẹ́ kí ayé rí mi. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Daddy, mẹ́ta péré la jẹ́ nínú ilé yìí. Ta lẹ fẹ́ fi èyí kó?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó wọnú ọkọ̀ ká lọ ṣeré.

Ẹni tí kò bá mi rẹ́rìn-ín ni Bàbá Akọ̀wé. Wọ́n ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, àgbàlagbà tó ti ṣe akọ̀wé nílé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Lóṣù kan náà tí mo ra jíìpù ni wọ́n ta ọkọ̀ àtijọ́ wọn, tí wọ́n fi ra ọkọ̀ kékeré kan tó ń fi bátìrì àti epo rìn pọ̀, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mu epo. Kì í pariwo rárá. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ wọn ń yọ́ rìn bí ológbò tó fẹ́ jí ẹran.

Ọ̀sán Sátidé, nígbà tí a bá jọ ń fọ ọkọ̀, ni àríyànjiyàn wa máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní ìlú tó bá ń ra epo tó ń lò lọ́wọ́ àjèjì, àjèjì náà ló di okùn ọrùn rẹ̀ mú. Wọ́n ní bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lọ́nà jíjìn níbi tí epo ti ń wá, àwa tí a wà ní Peckham la máa tò sílé epo. "Ẹni tó bá ń mu díẹ̀, ẹ̀rù díẹ̀ ló máa bà á." Èmi ní ọjà ni ọkọ̀, ohun tó bá wu oníkálukú ni yóò rà. Àti pé, ṣé èmi ni wọ́n á sọ pé kí n ṣọ́ epo lò? Èmi ọmọ Ìlàjẹ, tí wọ́n ń fa epo rọ̀bì lábẹ́ omi àwọn baba mi!

"Bàbá," mo ní, "a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́."

Bàbá gbé aṣọ tí wọ́n fi ń nu ọkọ̀ sílẹ̀. "Odò tí ò ń wí yẹn, ta ló ń pọn ún? Ṣé àwọn ará ilé rẹ ń rí i pọn?"

Mo ní kì í ṣe ìyẹn là ń sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Kí n tó kúrò nílé ni epo ti dà sójú omi wa, tí àwọ̀n bàbá mi ń jáde ní dúdú, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ní Peckham, mo máa ń sọ̀rọ̀ epo yẹn bí ẹni ń ka oyè ìdílé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú òtútù, mo jókòó sínú jíìpù ní Catford, mò ń dúró de àsìkò tí mo máa wọ ilé arúgbó tó kàn. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí ara mi lè yá. Àbúrò mi obìnrin pè láti ilé. Ó ní ara ìyá wa ti wú, wọn ò lè mí dáadáa mọ́. Orí omi nìkan lọ̀nà tó lọ sí ọsibítù láti abúlé wa, ọ̀wọ́n epo sì ti mú gbogbo ìlú. Àwọn tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní àwọn ò ní ẹ̀kán epo kan.

"Iná àwọn tó ń fa epo ń jó lójú òkun lọ́hùn-ún," ó ní, "mò ń wò ó báyìí." Ó wá bi mí pé, "Bùọ̀dá mi, kí ló ń dún lọ́dọ̀ yín yẹn?"

"Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ni."

"Ẹ ń lọ síbì kan ni?"

"Rárá. Òtútù ló ń mú mi."

Mo pa ẹ́ńjìnnì.

Àwọn aládùúgbò mẹ́rin ló fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ tó gbé ìyá mi, omi sì ń ṣàn lòdì sí wọn. Ìyá mi ń bi wọ́n léraléra bóyá omi ti yí. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìyá mi fi dákẹ́.

Nígbà tí Bàbá Akọ̀wé gun òkè wá kí mi, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á rán mi létí ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ. Wọn ò dárúkọ epo. Wọ́n jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, wọ́n ní, "Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn," wọ́n sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí wọn ò sọ yẹn ló pa mí lẹ́kún.

Mo ta jíìpù náà, mo ra ọkọ̀ kékeré. Mo pe àbúrò mi, mo sọ fún un bí ẹni pé ẹ̀bùn ni mo fi ránṣẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bùọ̀dá mi. Ṣé ìyẹn á mú epo dé ọ̀dọ̀ wa?"

Bàbá Akọ̀wé ti lọ báyìí, ẹlòmíràn ló ń gbé nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ṣì máa ń dúró níta, wọ́n á máa jiyàn nípa ọkọ̀ oníná àti ọkọ̀ elépo, èwo ló dáa, èwo ló wọ́n. Mo gbà pé òótọ́ ni Bàbá ń sọ, n kì í sì í kábàámọ̀ pé mo ta jíìpù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíìpù ló ń dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ròyìn omi wa fún àwọn ará Peckham, tí n kò béèrè lọ́wọ́ ìyá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe ń rí ọkọ̀ wọ̀ tí ara wọn ò bá yá. Wọn ì bá ti sọ fún mi.