Gómìnà Tí Bàbá Mi Ṣọ̀fọ̀ Rẹ̀ ní Peckham

Bàbá mi pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kí n wá sílé. Ohùn wọn há, mo sì rò pé wọ́n ṣubú ni. Nígbà tí mo dé fúláàtì wọn lẹ́yìn Rye Lane, mo bá wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Wọ́n ní Gómìnà ti kú.

N kò bi wọ́n pé gómìnà wo. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní nílé wa. Kí bàbá mi tó wá sí London, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kàwé, ní ìpínlẹ̀ kan tí òtútù rẹ̀ kì í tètè lọ. Bí wọ́n bá ti kúrò ní kíláàsì, wọ́n á lọ gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ọkùnrin náà, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ ọ̀hún. Ó kọ́ ilé ìwé sí àwọn ìlú kéékèèké tí kò ní, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé yóò di ààrẹ lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún ló da gbogbo rẹ̀ rú. Nígbà tí ìbò kù díẹ̀, ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni, ó sì yí ìdájọ́ wọn padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Àwọn ará ìlú bú u, wọ́n sọ ẹyin lu ọkọ̀ rẹ̀. Ó fìdí rẹmi, kò sì tún dépò kankan mọ́. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù jáde, bàbá mi bá a gbé àpótí kan sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ju ènìyàn nù."

Ìtàn yìí máa ń sú wa ní kékeré. Ìgbà tó yá ni àbúrò mi ọkùnrin gún ẹnì kan lọ́bẹ níbi ìjà, tí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n. Ẹni náà kò kú, ṣùgbọ́n ojú tì wá. Àgbàlagbà kan ní mọ́sálásí fi pẹ̀lẹ́tù gba bàbá mi nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù wọn, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n wọ rélùwéè, wọ́n lọ rí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ọmọ fi jáde. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan bóyá kò rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ojú mi ti rí i níbi tí ẹnì kan ti ṣe é. Mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin Gómìnà, àbúrò mi wá láti Catford, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. A gbé fóònù ti ife tíì, a ń wo ìsìnkú náà. Bàbá arúgbó kan níbi ìsìnkú náà fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde, ó ní ọ̀kan nínú àwọn tí wọn ì bá pa lòun, pé wọ́n padà dá òun sílẹ̀, òun sì ti gbé ọmọ-ọmọ jó.

Àbúrò mi dìde lọ sí kíṣìnì. Omi ẹ̀rọ ń dà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó padà, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá wa tó wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa á.

"Dádì, ṣé nítorí ọkùnrin yìí lẹ ṣe ń wá wò mí?"

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e lórí. "Nítorí tìẹ ni. Òun kàn fọ̀nà hàn mí ni."

Àbúrò mi ń fi òrí pa ẹsẹ̀ náà lọ títí wọ́n fi gbé pósí jáde. Nígbà tí àsìkò ìrun Ásárì tó, ó fa bàbá wa dìde, wọ́n sì jọ lọ ṣe àlùwàlá.