Bísímílà Lójú Ewé Kìíní

Bí ẹ bá ń wá ọmọ tó lágídí, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkàrẹ́, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà. Tàwàkálítù, ọmọ Alfa Badmus ará Ọ̀kà, ni mò ń wí. Odindi ọdún mẹ́ta ló fi kọ ìtàn kan ṣoṣo. Ó ní lọ́jọ́ iwájú òjò á tán láyé, àwa ará Àkókó á kó wọnú àpáta lọ máa gbé, ọmọbìnrin kan láti Ìṣùà á sì wa ọkọ̀ tó ń fò lọ sínú òṣùpá láti lọ tọrọ òjò. Mo bi í pé ta ni yóò ka irú ìyẹn. Ó ní èmi ni. Ló bá kà á sí mi létí, ìrẹsì mi sì jóná lórí iná.

Irinṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́, kò ṣe é tẹ nǹkan gidi, nítorí náà báírò ló fi ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ. Àárọ̀ ló máa ń kọ ọ́, lórí ẹní, kí àwọn ọmọ kéwú tó dé bá bàbá rẹ̀. Ìwé náà di méje, ó fi òwú so wọ́n pọ̀. Bó bá ti ṣí ewé tuntun, ohun tó máa kọ́kọ́ kọ sókè ni Bísímílà, ní èdè Lárúbáwá, gàdàgbà, pẹ̀lú báírò pupa. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré pé ohun tí a kò bá fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ kì í ní ìbùkún.

Àwọn kan tó ń ṣèwé ní Ìbàdàn gbé ìdíje kalẹ̀: ẹni tó bá mókè, wọn á bá a tẹ ìwé rẹ̀. Èyí tí a bá fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà, tó bá sì ti kọjá ọjọ́ Jímọ̀, ó parí. Ọjọ́ Ajé ló gbé ìwé méjèèje wá bá mi. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ mi sì ti kọṣẹ́. Mo ní kó gbé wọn padà sílé kí wọ́n má baà sọnù mọ́ ẹrù oníbàárà, kó wá lọ́jọ́rú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó.

Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣe Alfa Badmus ni pé kí ààwẹ̀ tó wọlé, á kó gbogbo ewé Kùránì tó ti gbó jọ, torí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tẹ orúkọ Ọlọ́run. Á sun wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì sin eérú wọn. Bàbá náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tó nawọ́ sórí pẹpẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó gbé ìwé méje tí wọ́n fòwú so súnmọ́ ojú, lẹ́tà pupa gàdàgbà yẹn nìkan ló hàn sí i. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ọjà dé, tó figbe ta, ló tó mọ ohun tó sun.

Lọ́jọ́rú, Tàwàkálítù wọlé tọ̀ mí wá lọ́wọ́ òfo, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rò ó fún mi. Iná wà rẹpẹtẹ lọ́jọ́ yẹn. Inú bí mi, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ní dandan ni kí n bá alfa náà jà.

Mi ò lè jà. Nígbà tí èmi àti ọmọ náà dé ilé wọn, orí eékún la bá bàbá rẹ̀, níbi tó sin eérú náà sí, tó ń fi ìka tú yẹ̀pẹ̀ bóyá ewé kan á ṣẹ́kù. Ó ní, "Tàwá, mo rò pé ti Ọlọ́run ni."

Bàbá wọlé, ó mú ìwé àjákọ tuntun kan jáde, ó ní kó tún un kọ, òun á jókòó tì í títí di ọjọ́ Jímọ̀. Èmi àti Tàwàkálítù mọ̀ pé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta kò ṣe é fi ọjọ́ méjì kọ. Síbẹ̀ ọmọ náà gbà á. Ó sọ sí mi létí pé, "Tèyí, mi ò ní kọ nǹkan kan sókè ẹ̀."

Ó ṣí ìwé náà. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún ni báírò náà ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ Lárúbáwá, ó sì ń bọ̀ wá sí apá òsì. Ó kọ ọ́ tán kó tó mọ̀. Ló bá dojú bo ewé náà, ó bú sẹ́kún.

Alfa yíjú sí mi. Ó ní, "Lúsì, kí ló kọ?"

Mo ní, "Bàbá, kò tíì kọ nǹkan kan."