Àníkẹ́ Tó Ń Gbé Ilé Ajá

Òórùn ajá ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn, òórùn ajá tí omi pa, tó gba ojú fèrèsé wọ yàrá mi nílé wa ní Peckham. Mo fò dìde. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, èmi nìkan ni wọ́n bí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ Daddy pé kí wọ́n ra ajá fún mi. Mo sáré bọ́ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú aṣọ ìsùn lára. Ilé ajá wà níbẹ̀ lóòótọ́, onípákó, ó ga tó àyà mi, ọ̀dà àwọ̀ ewé ti ń ṣí lára rẹ̀. Ajá ni kò sí.

Bàbá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Forest Hill. Ajá wọn ti kú, wọ́n bá ní kí a máa lo ilé rẹ̀. Daddy ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, wọ́n ń fi yanrìn fọ̀ ọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á tún bu yanrìn, nítorí ilé tí wọ́n ti ń kírun ni ilé wa, itọ́ ajá kò sì gbọdọ̀ kù lára ohun tí a máa lò. Mo béèrè ìgbà tí ajá máa dé.

"Ajá kẹ̀?" ni Daddy wí. "It's chicken your mum wants, jàre."

Ìwó ni Mummy dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá tó ń sin adìẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé London ni wọ́n ti ń ṣàròyé pé ẹyin ṣọ́ọ̀bù kò ládùn. Àbúrò wọn, Uncle Lukmon, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń ṣe ní Surrey Quays, àwọn ni Mummy sì bẹ̀ pé kí wọ́n wá sọ ilé ajá di ilé adìẹ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbí mọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wa. Ọ̀sán gangan ló ń rìn kọjá lójú títì bí ẹni tó ń sanwó ilé. Nígbà tí Uncle rí wáyà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Daddy rà, wọ́n sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ìyẹn lè dá adìẹ dúró, kò lè dá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dúró. Èyí tó nípọn ni wọ́n lò, tí ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gba ojú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yí ilé náà ká, wọ́n ri wáyà mọ́lẹ̀, wọ́n sì to òkúta pẹlẹbẹ lé e, torí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa wa ilẹ̀ wọlé. Wọ́n dá ihò afẹ́fẹ́ sókè lábẹ́ òrùlé, wọ́n fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ṣe ibi tí adìẹ máa bà sí, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn tuntun. Àgádágodo ni wọ́n fi tì í, wọ́n ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mọ bí a ṣe ń fi imú tú ìkọ́. Èmi ni mo ń gbé ìṣó fún wọn, inú mi ò sì dùn. Ilẹ̀kùn ilé tiwa gan-an kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Àgbébọ̀ mẹ́ta ló dé, pupa ni gbogbo wọn.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣe mí, ó yẹ kí n sọ bí Mummy ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ jéléósinmi, mo máa ń lú èdè méjì pọ̀. Tíṣà kan bá sọ fún Mummy pé kí wọ́n mú ẹyọ kan, kí wọ́n má baà da orí mi rú. Mummy gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà, òyìnbó ni. Òyìnbó Mummy sì jẹ́ òyìnbó ibi iṣẹ́, ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó délé. "Eat your food." "Wear your coat." "Homework?" Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn.

Láàárọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí adìẹ dé, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìnkùlé, n ò mọ̀ pé Mummy mi ni. "Ẹ̀yin tèmi, ṣé ẹ jí ire? Òtútù ò mú yín jù? Ẹ má bínú, ibi tí ayé gbé wa dé nìyí." Ohùn náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé èyí tó kéré jù lára wọn sáyà. "Àníkẹ́. Àníkẹ́ mi, ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní. Ta ló bá ẹ wí? Sọ fún mi." Adìẹ mẹ́ta ló wà níwájú wọn, wọ́n ń pe ọ̀kan ní ọ̀kan ṣoṣo. Yorùbá tí mo gbọ́ kò tó èyí tí mo lè fi ṣe kàyéfì.

Owú jẹ mí. N kò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Mo jowú adìẹ. Lójoojúmọ́ ni mo ń dúró sídìí fèrèsé ilé ìdáná bí ẹni tó ń fọ abọ́, tí mo ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń kẹ́ ẹlòmíràn. Mo ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ: òtútù, jẹun, tèmi. Uncle Lukmon rí mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Òjòwú ò lẹ́ran láyà o." Ẹran nìkan ni mo gbọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ni.

Ní Sunday kan, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gun orí ọgbà. Àwọn adìẹ tí Mummy tú sílẹ̀ fò kiri, wọ́n sì tẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ Daddy mọ́lẹ̀ tán. Daddy ń lé adìẹ, wọ́n ń bú wọn. Mummy gbé ìgbálẹ̀ dojú kọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, wọ́n ní, "Baba Rofiat, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ." Daddy rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mo béèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "It's not sweet in English," ni wọ́n wí. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, adìẹ ń ké, èmi nìkan ni mo dúró bí àlejò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Màmá àgbà pè láti Ìwó. Daddy gbé ohùn wọn síta lórí fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́. Lẹ́yìn ìkíni, Màmá àgbà ní, "Àníkẹ́ ńkọ́?"

Mo gbọ́ ọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo lóye ìbéèrè wọn, mo sì ní èsì. Mo gba fóònù lọ́wọ́ Daddy. "Àníkẹ́ wà fine, Grandma. Fox fẹ́ jẹ ẹ́, but ó ti wọ ilé ajá. Ó lay egg láàárọ̀."

Màmá àgbà wá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Sìdíkátù, ta lẹ sọ ní Àníkẹ́ nílé yín?"

Mummy gba fóònù, wọ́n jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Adìẹ ni, ma," n ò sì gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Daddy wò mí, wọ́n gbàgbé òyìnbó. "Oríkì ẹ ni Àníkẹ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni Màmá àgbà fún ẹ."

Inú bí mi débi pé mi ò lè sunkún. Mo ní orúkọ kan láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, adìẹ ló ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí Mummy padà wọlé, mo béèrè bóyá mo lè gbà á padà.

"Tìẹ ni," ni wọ́n wí. "Ẹnu ló ń yún mi, Rofiat. Tíṣà yẹn ní n má confuse ẹ. Ta ni kí n máa kì?" Wọ́n wá pè mí: "Àníkẹ́." Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ. Mo ní, "Yes?" Mummy fi ìborí bojú.

Bí ẹ bá rò pé Yorùbá wá di tèmi láti ọjọ́ náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ti mọ́ Mummy lẹ́nu sí mi. Ó di ìgbà tí a bá jọ dúró níwájú ilé adìẹ kí wọ́n tó yí padà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé adìẹ ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe èmi. Mo ń gbà á bẹ́ẹ̀.

Lónìí, ògbufọ̀ ni mí nílé ìwòsàn, àwọn ìyá àgbà a sì máa bi mí pé ta ló kọ́ ọmọ tí wọ́n bí síbí ní irú Yorùbá yìí. Mo máa ń ní ìyá mi ni. Irọ́ kọ́, àmọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo kọ́ ọ. Ọmọ tó dúró sídìí fèrèsé yẹn rò pé bí òun bá gbédè, owú máa tán. Mo ti gbédè. Kò sí adìẹ kankan lẹ́yìnkùlé Mummy mọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pe Àníkẹ́, mo máa ń tètè dáhùn, kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú mi jẹ́ ẹ.