Ọdún Tí Beryl Ockenden Kò Rà

Ìyáàfin Beryl Ockenden kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọn kò bá ṣí i, á yí padà, á ní bóyá wọ́n ń sinmi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Worthing, létí òkun. Bí ọmọ bá da ọbẹ̀ sí i láṣọ, òun ni yóò kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ra òkè ilé alájà méjì kan ní òpópónà wa. Ọ̀gbẹ́ni Clifford Tranter ń gbé ìsàlẹ̀, òun ló sì ni ilẹ̀ àti odindi ilé náà. Ọdún ni Beryl rà: iye ọdún tó kù kí òkè náà padà di ti onílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kún ọdún rẹ̀ yóò sanwó. Ṣùgbọ́n bí ọdún náà bá ti dín sí ọgọ́rin, òfin fún onílẹ̀ láyè láti béèrè owó tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, ọ̀pọ̀ báǹkì kì í sì í fẹ́ yá ẹni tó fẹ́ ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lówó mọ́.

Ti Beryl kù díẹ̀ kó dín sí ọgọ́rin nígbà tí Heather, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pè é láti Shrewsbury.

"Mọ́mì, wọ́n fẹ́ ta ilé kékeré tó kọjú sí tiwa. Ẹ ta tiyín kí ẹ máa bọ̀. Inú fóònù nìkan lọmọ mi ti mọ̀ yín."

"Ṣé ojú mi ò tóbi jù nínú fóònù yẹn?"

"Imú yín nìkan ló ń rí."

Beryl lọ bá lọ́yà. Lọ́yà kọ ìwé tí òfin ní kí a kọ sí onílẹ̀ láti béèrè àfikún ọdún, ó ní kí Beryl fọwọ́ sí i, kó sì fi jíṣẹ́ kíákíá, nítorí láti ọjọ́ tí onílẹ̀ bá ti gbà á ni ọdún kò ní dín mọ́ nínú ìṣirò, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ tó.

"Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta ni ọdún yín máa dín," ni lọ́yà wí. "Ẹ má jẹ́ kó bá ìwé yìí lọ́wọ́ yín."

Beryl ka ìwé náà nílé. Kò rí "ẹ kú àárọ̀" níbẹ̀, kò rí "ẹ jọ̀ọ́". Bẹ́ẹ̀ Tranter ló ń bá a gbé garawa ìdọ̀tí síta láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣé irú ìwé báyìí ni èèyàn ń jù sílé aládùúgbò? Ó yan kéèkì, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, kó lè kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ fún un, kí ìwé náà má bàa dé bá a lójijì.

"Lọ́yà?" Tranter ń gé kéèkì. "Ìyáàfin Ockenden, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá."

"Àwọn tó ń jà ló ń rán lọ́yà síra wọn. Ẹ jẹ́ kí Kérésì kọjá. A ó jókòó síbí, a ó parí ẹ̀ nídìí tíì."

"Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yọ yín lẹ́nu jù."

"Tó bá jẹ́ pé kéèkì báyìí lẹ ó máa gbé wá, ẹ máa yọ mí lẹ́nu lójoojúmọ́."

Winifred, ẹ̀gbọ́n Beryl, wá kí i lọ́jọ́ Àìkú, ó bá ìwé náà lórí tábìlì.

"O ò tíì fún ọkùnrin yẹn?"

"Ó ní ká jẹ́ kí Kérésì kọjá."

"Kérésì á kọjá, ilé ẹ náà á bá a lọ."

"Winifred, èèyàn dáadáa ni. Ó ń bá mi gbé ìdọ̀tí síta."

"Tó bá gbé ìdọ̀tí tán, ó máa gbé ìwọ náà síta."

Kérésì kọjá. Ní oṣù kìíní, Tranter ní òtútù mú òun. Ní oṣù kejì, ó ní òun gba àbúrò òun lálejò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí ọdún náà tó dín, Beryl kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ó sì gòkè padà.

Ní ọjọ́ kejì tí ọdún náà dín, Tranter gbé òdòdó wá fún un, ó sì dárúkọ iye tó máa gbà láti fi kún ọdún náà. Bí Beryl bá san án, ohun tó máa kù lára owó òkè náà kò lè ra ilé Shrewsbury.

"Ẹ ní tí Kérésì bá kọjá," ni Beryl wí.

"Kérésì ti kọjá, Ìyáàfin."

"Òótọ́ ni."

"Ẹ ò bínú sí mi?"

"Rárá o. Èmi ni mi ò tètè wá."

Báǹkì àwọn tọkọtaya tó fẹ́ ra òkè náà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ láti yá wọn lówó, wọ́n sì lọ. Lọ́yà ní àwọn lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí owó náà lè wálẹ̀, àmọ́ yóò pẹ́. Beryl béèrè báwo ni òun yóò ṣe máa kí Tranter láàárọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ẹlòmíràn ti ra ilé Shrewsbury.

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà Tranter yẹn," ni Heather wí.

"Má pè é, Heather. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru."

Láti ìgbà náà, bàtà onírun ni Beryl ń wọ̀ nínú ilé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa máa dún lórí àjà Tranter. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló fojú kan ọmọ Heather. Ìgbà òtútù ni Beryl kú, òun nìkan, lórí àga. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì ni garawa rẹ̀ fi ṣófo. Tranter rí i, kò gòkè. Ó ní òun kò fẹ́ dí i lọ́wọ́.

Níbi ìsìnkú, Heather bọ Tranter lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Owó ìtọ́jú ilé ń wọ Heather lọ́rùn lóṣooṣù, kò sì rí ẹni tó máa ra òkè náà. Tranter ló rà á, ní iye tí òun fúnra rẹ̀ dá lé e, ó sì kó ọmọ àbúrò rẹ̀ síbẹ̀. Ó fi kún ọdún fún ọmọkùnrin náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fi parí ìwé rẹ̀.